Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀

Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ni ogun tí Aláàfin Olúewu ti Ọ̀yọ́ Ilé àti ọba Nikki ní ilẹ̀ Bọ̀gú jọ gbé ti Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837. Ẹlẹ́dùwẹ̀ ni Yorùbá ń pe ọba Nikki; Siru Kpera ni àwọn Ìbàrìbá, ìyẹn àwọn ará Bọ̀gú, mọ̀ ọ́n sí. Ọba méjèèjì ló bá ogun náà lọ, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Ọ̀yọ́ Ilé fi tú.

Ọ̀yọ́ àti Bọ̀gú

Ilẹ̀ àwọn méjèèjì pààlà. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé nígbà tí Tápà kó ìlú láyé Aláàfin Oníìgbógi, ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàrìbá ni ọba sá lọ, kí ìdílé rẹ̀ tó padà wá tẹ Ìgbòho dó. Àmọ́ àárín wọn kì í fìgbà gbogbo dán: ní 1783, láyé Aláàfin Abíọ́dún, Bọ̀gú ṣẹ́gun ọmọ ogun Ọ̀yọ́. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé ní 1826, láti Ọ̀yọ́ Ilé ló ti gba ọ̀nà Kaiama, ìlú kan ní Bọ̀gú, lọ.

Ọ̀rọ̀ gbẹ̀du

Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, olórí Ìlọrin, ní nǹkan bí 1824, ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Àlímì, àlùfáà Fúlàní, Abdulsalami ọmọ rẹ̀ sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́ lábẹ́ àsíá Gwándú, ìjọba Fúlàní ní ilẹ̀ Hausa. Ọ̀yọ́ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń retí pé kó wá júbà. Nígbà tí ó kan Ṣítà, àbúrò Abdulsalami, ó ránṣẹ́ pe Olúewu sí Ìlọrin.

Olúewu lọ. Bí ó ti ń bọ̀ ni gbẹ̀du ń dún níwájú rẹ̀. Gbẹ̀du kì í ṣe ìlù àríyá. Ọba àti àwọn olóyè ńlá ló ni ín, ibi tí wọ́n bá sì ti ń lù ú fún Aláàfin, gbogbo ẹni tó gbọ́ ti mọ̀ pé olúwa ilẹ̀ ló ń kọjá. Ìtàn sọ pé Ṣítà béèrè irú ìlù tó ń dún. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní ọba kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ òun, ó sì ní kí wọ́n gba ìlù náà. Àwọn òǹkọ̀wé tó fẹ́ràn ìròyìn ojú ogun máa ń fi ìlà kan kọjá lórí èyí. Lójú ẹni tó mọ òfin ààfin, ibí gan-an ni ogun ti bẹ̀rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ọba fi adé pamọ́ sínú ilé kí ará ìta má mọ̀, ṣùgbọ́n bí gbẹ̀du bá dákẹ́, etí gbogbo ìlú ló gbọ́.

Nígbà tí Ṣítà tún ránṣẹ́, tó ní kí Olúewu wá gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Aláàfin kọ̀. Ó rán oníṣẹ́ sí Bọ̀gú.

Bí Ẹlẹ́dùwẹ̀ ṣe dá sí i

Àwọn Ìbàrìbá kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, wọ́n sì jà ní Ogodo, níbi tí Lanloke, olórí ìlú náà, ti wà lẹ́yìn Ìlọrin. Wọ́n ṣẹ́gun. Lẹ́yìn èyí ni Ẹlẹ́dùwẹ̀ fúnra rẹ̀ wá dara pọ̀ mọ́ Olúewu. Ọba Nikki ì bá rán balógun kan, kí òun jókòó sílé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti rí i pé agbára Gwándú tó dé Ìlọrin kò ní pẹ́ kan ilẹ̀ tòun náà. Ìkógun pẹ̀lú lè wà lára ohun tó fa àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá.

Ti àwọn olóyè Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Àtìbà ti Àgọ́, Kúrunmí ti Ìjàyè àti Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí a dárúkọ nínú ogun yìí, ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn kan nínú àwọn olórí ogun ti bá Ìlọrin sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù ohun tí Olúewu yóò fojú wọn rí bó bá borí. Nígbà tí ìjà dé, wọ́n yẹ̀ sẹ́yìn. Àlejò ló dúró ti Aláàfin.

Òpin ogun

Gwándú àti Tápà ran Ìlọrin lọ́wọ́. Ìlọrin borí, Ẹlẹ́dùwẹ̀ kú, Olúewu kú, ọ̀pọ̀ ọmọ ọba Bọ̀gú sì bá wọn lọ.

Àwọn tó kù ní Ọ̀yọ́ Ilé kó kúrò. Àtìbà jọba ní Àgọ́, tó di Ọ̀yọ́ tòní. Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a fi orúkọ ìlú náà pè. Nikki wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Ní 1991, ìjọba gé ìhà Bussa ní Bọ̀gú fún Ìpínlẹ̀ Niger, àmọ́ Kaiama àti Baruten ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí Ìlọrin jẹ́ olú ìlú rẹ̀.