Ìlà tó ga jù kọ́ ló ra pákó jù

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́ ní sọ́míìlì àti ní ìsọ̀ káfíńtà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹnìkan á ṣí fóònù, á na àwòrán kan síni: ìlà kan fún Ṣáínà, ọ̀kan fún Amẹ́ríkà, iye dọ́là tí wọ́n fi ra pákó igi líle láti òkè òkun lọ́dọọdún. Ìlà Ṣáínà wà lókè. Ìdájọ́ á bọ́ kíá: "Ṣẹ́ ẹ rí i? Pákó tí Ṣáínà ń rà ò lẹ́gbẹ́, ṣe ló tún ń pọ̀ sí i."

Pé pákó máa ń gbówó lórí, tí owó púpọ̀ á sì ra díẹ̀, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lánàá mọ̀yẹn. Ohun tí n ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ni pé ibo ni wọ́n ka owó náà dé.

Ṣáínà máa ń ka owó ọjà pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ ojú omi àti ìnṣọ́ránsì títí dé èbúté wọn. Iye tí Amẹ́ríkà sábà máa ń gbé síwájú kò ní owó ọkọ̀ àti ìnṣọ́ránsì nínú. Kí èèyàn méjì ra pákó kan náà ní Bódìjà wá sí Tákì, kí ọ̀kan kọ owó pákó nìkan sílẹ̀, kí èkejì ro owó mọ́tò àti ti alágbàrù mọ́ ọn. Ṣé èkejì ló wá ra pákó jù?

Àwọn kan á ní ká yọ díẹ̀ kúrò nínú ti Ṣáínà, kó parí. Díẹ̀ wo? Owó ọkọ̀ kì í dúró lójú kan. Ní 2021, nígbà tí Kòrónà ti da èbúté rú, owó kọ̀ǹténà fò sókè kọjá àlà. Lọ́dún bẹ́ẹ̀, ìlà ẹni tó ń ro owó ọkọ̀ mọ́ ọjà lè gòkè láìjẹ́ pé pákó kan ṣoṣo lé sí i. Iye tó ní owó ọkọ̀ nínú wà fún Amẹ́ríkà náà o, iléeṣẹ́ tó ń ka èèyàn wọn ló ń gbé méjèèjì jáde. Èwo ni ẹni tó ya àwòrán yìí mú? Kò kọ ọ́ síbẹ̀. Wọn kì í kọ ọ́.

Ti Gabon tún wà níbẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n fòfin de kíkó gẹdú jáde, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ là á nílé. Nọ́ńbà gẹdú ní kọ́sítọ́ọ̀mù ni 4403, ti pákó ni 4407. Igi tí Ṣáínà ń rà ní gẹdú tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sórí 4407. Ìlà pákó á gòkè, igi tí wọ́n gé lè máà pọ̀ sí i rárá.

Ó ṣeé ṣe kí Ṣáínà máa rà jù lóòótọ́, n ò jiyàn. Láti 2017 ni wọ́n ti fòfin de gígé igi fún títà nínú igbó tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, jákèjádò ilẹ̀ wọn, àwọn tó ń ṣe àga níbẹ̀ ò sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kúbíìkì mítà, ìyẹn ìwọ̀n bí igi fúnra rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ló lè sún mọ́ ìdáhùn yẹn, dọ́là ò lè dá a sọ.

Àwọn tó ń fi àwòrán yìí tọrọ owó àjọ lọ́wọ́ yín, pé kẹ́ ẹ wá dá oko tíìkì, Ṣáínà ń retí, ẹ bi wọ́n bóyá owó ọkọ̀ wà nínú ìlà wọn. Ẹ tún bi wọ́n ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbé e gbà, torí àti gẹdú àti pákó, méjèèjì wà nínú ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní a ò gbọdọ̀ kó jáde.