Dídá Rìn ní Ìgbèríko Swítsàlandì Yàtọ̀ sí Gígun Òkè Yìnyín

Bí ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní London tàbí Ìbàdàn bá sọ pé òun fẹ́ lo ìsinmi òun láti dá rin ìgbèríko Swítsàlandì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé ta ni yóò so okùn mọ́ ọn nídìí. Wọ́n gbà pé òkè yìnyín ni gbogbo ilẹ̀ náà, pé àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ òkè gígun nìkan ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá san owó gọbọi fún afinimọ̀nà ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ìgbàgbọ́ òdì ni. Kì í sì í ṣe pé ó ń fa ẹni tó lè lọ sẹ́yìn nìkan. Ó tún ń mú kí ẹni tó bá lọ máa ṣọ́ ibi tí ewu kò sí, kí ó sì túra sílẹ̀ níbi tí ewu wà.

Kò ṣòro láti mọ orísun rẹ̀. Àwòrán orílẹ̀-èdè náà tí ojú wa mọ̀ jù ni ti òkè Matterhorn, tí ó ga ní mítà 4,478. Ó wà lára páálí ṣokoléètì Toblerone fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò ní 2023, nítorí pé wọn kò fẹ́ máa ṣe gbogbo ṣokoléètì náà ní Swítsàlandì mọ́, òfin ibẹ̀ kò sì gbà kí irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe bí apá kan rẹ̀ bá ti ilẹ̀ mìíràn wá. Ẹni tó bá ti sáré ra ẹ̀bùn ní pápákọ̀ òfurufú rí mọ páálí náà dáadáa. Ìtàn òkè náà fúnra rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani: ní oṣù Keje ọdún 1865, àwọn méje ni wọ́n kọ́kọ́ dé ṣóńṣó rẹ̀, Edward Whymper ará Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn já bọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì kú. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń rìn jìnnà. Ẹni tó fi wákàtí mẹ́rin rin àárín oko àti ọgbà àjàrà, tó sì wọ ọkọ̀ ojú irin padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní ohun tí ìwé ìròyìn fẹ́ gbé.

Lóòótọ́, òkè Alps gba nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ilẹ̀ Swítsàlandì. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 30 jẹ́ ilẹ̀ olókè kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Mittelland, níbi tí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará ìlú ń gbé, ìyókù sì jẹ́ àwọn òkè Jura tí kò ga tó Alps rárá. Kódà láàárín Alps gan-an, àfonífojì wà tí abúlé, oko àti ilé ìwé kún inú rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá. Lápapọ̀, ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lórílẹ̀-èdè náà lé ní kìlómítà 65,000.

Ọ̀nà wọ̀nyí kò ṣàdédé wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, tíṣà kan ní agbègbè Zürich tó ń jẹ́ Johann Jakob Ess rí i pé mọ́tò ti ń lé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lójú títì orí òkè. Ó dábàá pé kí wọ́n ní ọ̀nà tiwọn, kí pátákó aláwọ̀ ìyeyè kan náà sì máa tọ́ wọn sọ́nà jákèjádò orílẹ̀-èdè, ní 1934, òun àti Otto Binder sì dá ẹgbẹ́ tí yóò mójú tó o sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò parí sórí ẹgbẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1979, àwọn ará ìlú dìbò pé kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọ inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, àwọn tó fọwọ́ sí i sì lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó dìbò. Òfin tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e ní 1985, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, sọ ọ́ di ojúṣe àwọn kántónì, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀, láti la àwọn ọ̀nà náà sílẹ̀, kí wọ́n máa tún wọn ṣe, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò èyí tí ilé tàbí títì bá gbà. Ní tèmi, èyí ni ìdáhùn tó lágbára jù fún ẹni tó bá ní a kò lè ṣe é láìsí afinimọ̀nà: ìjọba ti gba afinimọ̀nà náà síṣẹ́ tipẹ́, oríta ló sì ń dúró sí tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí á wo pátákó náà dáadáa. Ní oríta, ẹ ó bá òpó kan tí àwọn pátákó ìyeyè tó rí bí ọfà wà lára rẹ̀. Orúkọ ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń lọ àti iye wákàtí tí yóò gbà wà lára ọfà, àyè funfun kan sì wà tó ń sọ orúkọ ibi tí ẹ dúró sí àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Láàárín oríta kan sí èkejì, àmì ìyeyè kéékèèké ni wọ́n kùn sára igi, ògiri tàbí òpó iná, kí ẹni tó ń rìn lè mọ̀ pé òun kò tíì ṣìnà. Bí àwọ̀ náà bá jẹ́ ìyeyè nìkan, ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ le lè rìn ni, kò béèrè ju ìṣọ́ra lásán lọ. Bí ṣóńṣó ọfà bá jẹ́ funfun, pupa, funfun, ọ̀nà òkè nìyẹn: ó lè dagun tàbí kí ó há, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró dáadáa, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ló sì yẹ é. Pátákó búlúù tí ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ funfun, búlúù, funfun ló ń sọ nípa òkè yìnyín, ibi tí a ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn, tí okùn àti àáké yìnyín sì lè di dandan. Ó lé ní ìdajì gbogbo ọ̀nà wọ̀nyẹn tó jẹ́ ìyeyè lásán, ti búlúù sì kéré jọjọ nínú wọn, síbẹ̀ ti búlúù yìí ni gbogbo ẹ̀rù wa dá lé.

Àpẹẹrẹ ọ̀nà ìyeyè tó dára ni ti Lavaux, ní etí adágún omi Geneva, láàárín Lausanne àti Vevey. Láti Lutry dé St-Saphorin jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 11, gbogbo rẹ̀ sì gba inú ọgbà àjàrà tí wọ́n fi ògiri òkúta gbé ró ní ìpele ìpele lára òkè. Àjọ UNESCO fi ibẹ̀ sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2007. Apá òsì jẹ́ ògiri, apá ọ̀tún jẹ́ omi, níbi tó bá sì ti dagun púpọ̀, ọkọ̀ kékeré tó ń gun ojú irin kan ṣoṣo ni àwọn àgbẹ̀ fi ń ru èso àjàrà. Àwọn ará ibẹ̀ ní oòrùn mẹ́ta ló ń mú àjàrà àwọn pọ́n: ti ojú ọ̀run, èyí tó ń tàn padà láti ojú omi, àti ooru tí ògiri òkúta gbà sára lọ́sàn-án. Oòrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò pa ẹni tó ń rìn pẹ̀lú, nítorí ìbòòji ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé fìlà. Cully, Epesses àti Rivaz ní ibùdókọ̀ ojú irin tiwọn lójú ọ̀nà náà, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó bá rẹ̀ nílò, kì í ṣe ìdáǹdè.

Ewu wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ń dárúkọ. Yíyọ̀ àti kíkọsẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìjàǹbá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án sì ni ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í gbé dáadáa mọ́. Wákàtí tó wà lára pátákó náà ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: kìlómítà 4.2 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀, wọn kò sì ka ìsinmi, oúnjẹ tàbí fọ́tò yíyà mọ́ ọn, tí ó fi jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ti pátákó lè di márùn-ún fún ẹni tí kò kánjú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àrá sábà máa ń sán lọ́sàn-án tàbí ìrọ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn onílé fi ń tètè jáde láàárọ̀.

Creux du Van, ní òkè Jura lágbègbè Neuchâtel, fi àṣìṣe wa hàn ju ibikíbi lọ. Ẹni tó bá sọ̀ ní ibùdókọ̀ Noiraigue yóò gba ọ̀nà inú igbó tó lọ́ ní ìgbà 14 kó tó dé òkè, ibi tó ga jù níbẹ̀ kò sì tó mítà 1,500. Kò sí yìnyín níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ, ẹnikẹ́ni kò sì mú okùn lọ. Ṣùgbọ́n koríko tútù ni ó lọ tààrà dé ẹnu àpáta tó là sílẹ̀ bíi mítà 160, láìsí irin ìdábùú kankan, ẹni tó bá ń fi ẹ̀yìn rìn nítorí àtiya fọ́tò ara rẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò fi ẹ̀yìn tì.

Màlúù náà ń kọ́? Èyí tí a mọ̀ nílé sábà máa ń ní darandaran lẹ́yìn, èyí sì lè mú kí a rò pé a ti mọ ìṣe rẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ máa ń la pápá kọjá níbi tí abo màlúù àti ọmọ rẹ̀ ti ń jẹko láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí, abo náà sì lè kọlu ẹni tó bá sún mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ yà fún un, ẹ má fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ bó ti wù kí ó wuyì tó, kí ẹ sì ti géètì tí ẹ bá ṣí.

Ohun tí dídá rìn fi kún un ni pé bí ọrùn ẹsẹ̀ bá yẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí yóò sáré lọ pe èèyàn. Kí ẹnì kan nílé tàbí ní hòtẹ́ẹ̀lì mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti wákàtí tí ẹ retí láti dé, kí bátìrì fóònù sì kún. Nọ́ńbà 1414 ni ti Rega, àjọ tó ń fi hẹlikọ́pítà dóòlà èèyàn láti 1952; ní kántónì Valais, 144 ni kí ẹ pè. Níbi tí fóònù kò bá ti wọlé, ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè sí hẹlikọ́pítà, ẹni tí kò nílò rẹ̀ yóò na ọ̀kan sókè, èkejì sísàlẹ̀. Nítorí náà, bí hẹlikọ́pítà bá ń kọjá lórí yín, tí inú yín sì dùn sí i, ẹ má ṣe ju ọwọ́ méjèèjì sí i, nítorí ó lè balẹ̀ wá gbé yín.