Èéṣẹ́: Ìpín Aláìní Nínú Oko Olóko

Èéṣẹ́ ni ohun ọ̀gbìn tó ṣẹ́ kù sínú oko nígbà tí àwọn olùkórè bá ti kọjá. Ẹni tó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, tó ń ṣa á, ló ń pèéṣẹ́. Ìtàn Rúùtù ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ bí wọ́n ṣe máa ń wàásù rẹ̀, àfi bíi pé olówó kan ṣàdédé ṣojúure sí opó. Òfin Mósè ló wà nídìí ìtàn náà. Òfin yẹn sọ pé apá kan nínú irè oko kì í ṣe ti olóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ro ó, òun ló gbìn ín.

Léfítíkù 19:9-10 àti Diutarónómì 24:19-22 ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà. Nínú oko ọkà, ìpín mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni igun oko: olóko kò ní gé e, ìdúró ló máa wà títí aláìní á fi wá gé e fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni èéṣẹ́ gan-an, ìyẹn ṣírí ọkà tó bọ́ lọ́wọ́ olùkórè bó ṣe ń gé e lọ. Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹ̀kẹta ni ìtí ọkà tí wọ́n gbàgbé sóko. Bí olóko bá délé kó tó rántí rẹ̀, kó má padà lọ gbé e. Nínú ọgbà àjàrà, èso tó jábọ́ àti èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn kíká àkọ́kọ́ ni tàwọn aláìní. Igi ólífì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ni kí wọ́n lù ú, kí wọ́n má tún padà sórí ẹ̀ka rẹ̀. Tálákà, àlejò, aláìníbaba àti opó ni òfin dárúkọ, àwọn tí kò ní ilẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó máa bá wọn rojọ́ ní ẹnubodè níbi tí àwọn àgbààgbà ìlú ti ń dájọ́. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an nínú Léfítíkù 19 ló sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ jalè. N kò rò pé wọ́n ṣèèṣì wà pa pọ̀.

Bíbélì kò sọ bí igun náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Mishnah ló fi iye sí i, ìyẹn àkójọ òfin àwọn rábì, àwọn olùkọ́ òfin Júù, tó parí ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi. Igun oko kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú 60, ó sì yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oko bá tóbi tàbí bí aláìní bá pọ̀. Ṣírí méjì tó bọ́ pa pọ̀ jẹ́ èéṣẹ́. Bó bá di mẹ́ta, olóko ló ni ín. (Ilé ẹ̀kọ́ rábì Hillel ló sọ bẹ́ẹ̀, ti rábì Shammai ní mẹ́ta ṣì jẹ́ ti aláìní.) Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni àwọn aláìní lè wọlé wá gba igun oko: àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í mú dòjé tàbí ọkọ́ wá, kí wọ́n má baà fi ṣá ara wọn níbi tí wọ́n ti ń dù ú. Ẹni tó bá sì ní 200 zuz kò gbọdọ̀ bá wọn pín. Zuz kan tó owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà, nítorí náà ẹni tí owó rẹ̀ tó iṣẹ́ igba ọjọ́ kì í ṣe aláìní lójú òfin yìí.

Àwọn rábì tún ní kí igun náà wà ní ìparí oko, kí olóko má kàn yan ibi tó wù ú. Ẹni tó mọ ìwà èèyàn ló lè ro irú èyí. Bó bá jẹ́ ibi tó wù ú ni, á dúró di ìgbà tí kò sẹ́nì kankan nítòsí, á wá ránṣẹ́ pe mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó jẹ́ tálákà. Àwọn yòókù á jókòó ti oko látàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìmọ ìgbà tó máa fi í sílẹ̀. Alárèékérekè náà á máa sọ pé òun ti fi tòun sílẹ̀ níbì kan. Wọ́n tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé olóko tó gba ẹnì kan láyè tó lé ẹnì kejì, tàbí tó bá ọ̀kan nínú wọn ṣa á, ti ja aláìní lólè. Ibẹ̀ gan-an ni èéṣẹ́ ti yàtọ̀ sí ọrẹ: ẹni tó ń tọrẹ lè yan ẹni tó wù ú, olóko kò lè yan ẹni tó máa pèéṣẹ́.

Ẹ wá tún Rúùtù orí 2 kà. Ará Móábù ni, àlejò pọ́ńbélé. Bóásì, olóko náà, ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òun fa díẹ̀ yọ nínú ìtí fún un. Ọkà tó ti wọnú ìtí ti di ti Bóásì, torí náà àpò ara rẹ̀ ni àfikún yẹn ti wá, kò fi gé ìpín aláìní kankan. Ó tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, èyí tó jẹ́ ká mọ̀ pé ewu wà fún obìnrin tó dá lọ pèéṣẹ́. Nígbà tí Rúùtù pa ọkà báálì rẹ̀ lálẹ́, ó tó nǹkan bí éfà kan, ìyẹn bíi lítà 22. Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀, alára béèrè ibi tó ti rí i.

Síbẹ̀, èéṣẹ́ nìkan kò tó. Ìgbà ìkórè ló wà fún, ẹni tó sì lè rìn dé oko, tó lè bẹ̀rẹ̀, ló wúlò fún. Ìdí nìyẹn tí ìdámẹ́wàá ọdún kẹta fi wà nínú Diutarónómì 14:28-29, tí wọ́n ń kó jọ sínú ìlú kí ọmọ Léfì, àlejò, aláìníbaba àti opó lè jẹ àjẹyó. Ì bá dáa kí àwọn tó ń wàásù ìdámẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ka ẹsẹ méjì yẹn pẹ̀lú. Mishnah tún sọ̀rọ̀ nípa àwo oúnjẹ òòjọ́ àti àpótí owó ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń ran aláìní lọ́wọ́. Ẹni tó ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì nílé kò gbọdọ̀ gbà nínú àwo, ẹni tó ní ti ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá kò gbọdọ̀ gbà nínú àpótí. Èèyàn méjì ló ń gba owó àpótí náà jọ, mẹ́ta ló ń pín in. Ìjọ Jerúsálẹ́mù náà kọsẹ̀ nídìí pínpín: nínú Ìṣe 6, wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì dá. Wọ́n yan ọkùnrin méje láti bójú tó o, orúkọ Gíríìkì sì ni méjèèje ń jẹ́. Ó jọ pé àárín àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni wọ́n ti mú wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin àti ọmọdé abúlé ń pèéṣẹ́ títí di ọ̀rúndún 19. Láwọn ibì kan, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sọ ìgbà tí wọ́n lè wọ oko. Ṣùgbọ́n ní 1788, nínú ẹjọ́ Steel àti Houghton, ilé ẹjọ́ ní òfin kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti pèéṣẹ́ lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì gbà wọ́n láyè, àmọ́ ojúure ló dà. Ní Amẹ́ríkà, Society of St. Andrew, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979 ní Virginia, ń kó àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni lọ sóko láti ṣa ohun tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀, wọ́n sì ń kó o fún àwọn tí ebi ń pa.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ lo ìlànà yìí nígbà ìkórè, kó yọ ìpín aláìní sọ́tọ̀ kí wọ́n tó lu ọjà ní gbànjo, nítorí ohun tó bá dẹ́yìn gbànjo ni iṣu tí eku ti jẹ. Kí wọ́n kéde ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ṣáájú, kí mọ̀lẹ́bí àlùfáà má gba ẹ̀yìn wọlé. Kí àwọn tó lágbára wá kó tiwọn fúnra wọn, kí wọ́n gbé ti arúgbó àti aláìsàn lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò wọn. Ọkà tí Rúùtù ṣa àti èyí tí Bóásì kó sí àká, oko kan náà ni wọ́n ti wá.