Ibi tí tọkọtaya oníjà inú ìwé ìròyìn ti ṣẹ̀ wá

Àwa ará Kétu ti mọ̀ tipẹ́ pé ìjà tọkọtaya máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, torí lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án, Ọ̀rọ̀-Ẹ̀fẹ̀ lè kọrin bá ọkọ tó ń sá fún owó ọbẹ̀, ó lè kọ ọ́ bá ìyàwó tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, àwọn èèyàn á sì máa gbè é. Àmọ́ ti inú ìwé ìròyìn yìí, ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ń ya àwòrán wọn lójoojúmọ́ tí wọ́n ń sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn, Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjà àwọn olówó méjì ló ṣínà fún un. Ní New York, láàárín 1895 sí 1898, Joseph Pulitzer àti William Randolph Hearst, tí kálukú ní ìwé ìròyìn tiẹ̀, ń du òǹkàwé mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwòrán ẹ̀fẹ̀ aláwọ̀ mèremère tó ń jáde lọ́jọ́ Sunday wà lára ohun tí wọ́n fi ń fa èèyàn. Ní 1904 ọmọ St. Louis kan, George McManus, bẹ̀rẹ̀ sí í ya The Newlyweds fún ìwé ìròyìn Pulitzer, ọkọ àti ìyàwó tuntun tí wọ́n ń kẹ́ra wọn, ìgbà tó yá wọ́n bímọ, wọ́n tún wá ń kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́. Ní 1912 Hearst fà á lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀, nígbà tó sì di January 1913, Bringing Up Father jáde.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá McManus ló ń bójú tó ilé tíátà ńlá kan ní St. Louis, ibẹ̀ ni ọmọ ti wo eré kan nípa lébìrà ará Ireland tó di olówó, kò sì kúrò lọ́kàn ẹ̀. Ló bá ya Jiggs, ẹni tó ti ń ru bíríkì rí, àti Maggie ìyàwó ẹ̀ tó ti ń fọṣọ fólóṣọ rí, wọ́n jẹ tẹ́tẹ́, wọ́n lówó lójijì. Maggie fẹ́ máa bá àwọn ẹni ńlá rìn, ó fẹ́ gbọ́ orin ọ̀pẹ́rà, Jiggs ní tiẹ̀ ò fẹ́ ju kó yọ́ lọ sí ilé ọtí Dinty Moore's kó jẹ ẹran màlúù oníyọ̀ pẹ̀lú kábéèjì láàárín àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́. Tó bá yọ́ wọlé, Maggie ti dúró dè é pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun, àwo á sì máa fò. Ṣé ẹ rí i, wọn ò kórìíra ara wọn o, owó ló dé, ọ̀kan fẹ́ gbàgbé ibi tó ti wá, èkejì ò lè gbàgbé. Ìjà yẹn wà ní Kétu, ó wà ní Àjàṣẹ́: bàbá tó ti kọ́ ilé alájà sí Kútọnu, tí ìyàwó ní kò gbọ́dọ̀ dúró jẹ àkàrà létí títì mọ́, tí bàbá sì ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́nà jíjìn kí wọ́n má baà rí i. Ó rìn jìnnà, La Famille Illico ni wọ́n ń pè é ní Faransé, ó sì ń jáde títí di 2000.

Ní 1930 Chic Young bẹ̀rẹ̀ Blondie, ó wá yí i padà: Dagwood ọmọ olówó fẹ́ ọmọ tálákà ní 1933, àwọn òbí ẹ̀ yọ ọ́ nínú ogún, ó di òṣìṣẹ́ bíi gbogbo wa. Àkókò yẹn owó wọ́n ní Amẹ́ríkà, ta ló tún fẹ́ rí ìyọnu olówó?

Ní England, Reg Smythe ọmọ Hartlepool gbé Andy Capp jáde nínú Daily Mirror ní 1957. Andy kì í ṣiṣẹ́, ọtí àti tẹ́tẹ́ ni tiẹ̀, Flo ìyàwó ẹ̀ ló ń lọ tún ilé onílé ṣe kí wọ́n tó jẹun. Níbẹ̀rẹ̀ ó máa ń lu Flo, èyí ò pa mí lẹ́rìn-ín rárá, ó sì dára bí wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò nígbà tó yá.

Ìgbà tó di September 1968 ni Bill Hoest gbé The Lockhorns dé, Leroy àti Loretta ìyàwó ẹ̀. Ìlú Levittown lẹ́bàá New York ló fi wọ́n sí, ibi tí wọ́n kọ́ ilé tó jọra wọn lọ rẹrẹ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwo ò fò mọ́, àwòrán kan ṣoṣo, gbólóhùn kan ṣoṣo, ó tán: oúnjẹ Loretta ò dùn, ó ń fi mọ́tò gbá nǹkan, Leroy ń mutí, ojú ẹ̀ ò kúrò lára obìnrin míì. Owó kọ́ ló fa tiwọn, òṣì kọ́, wọ́n nílé wọ́n ní mọ́tò, síbẹ̀ ìjà ò tán. Ọ̀rọ̀-Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin kí ẹni tó ń bá wí lè yíwà padà, àmọ́ tí Leroy bá yíwà padà lọ́la, kò sí ohun tí wọ́n máa tà fún ìwé ìròyìn mọ́, ìyẹn ni mo ṣe rò pé ìyà ń jẹ àwọn méjèèjì ju Jiggs lọ.

Bill kú ní 1988. Bunny ìyàwó ẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, ló gbà á, John Reiner ń bá a ya àwòrán. Nínú gbogbo àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé tí mo dárúkọ yìí, Bunny nìkan ni obìnrin, òun ló wá ń fi ọ̀rọ̀ sí ọkọ àti ìyàwó lẹ́nu.