Ẹni Tó Ń Jó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá Kì Í Ṣe Wèrè

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣàn, kò bi mí léèrè ẹni tó jáwé olúborí. Ó ní, “Àwọn ọmọ mẹ́ta tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn, tí wọ́n ń gbá orí, tí wọ́n ń gbá itan, tí wọ́n ń jó bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ, kí ló ń ṣe wọ́n?” Mo ní, “Àǹtí mi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn o.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ṣé torí èyí lo ṣe lọ sí yunifásítì?”

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ni mo wà níbí, mo wà lára àwọn tó ń ran kóòṣì àgbà lọ́wọ́. Àlàyé tí mo ṣe fún Àǹtí ni mo fẹ́ ṣe fún ẹ̀yin náà.

Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣàn bí tiwa. Eré á bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú wọ́n á ti gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ṣánlẹ̀, rẹfirí á fọn fèrè, ó parí. Wọ́n á tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń tò báyìí, ohun kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn àwọn mọ́kànlá: ibi tí kálukú máa dúró sí, ẹni tó máa sáré, ibi tó máa yà sí, ẹni tí wọ́n máa dí lọ́nà, ìgbà tí bọ́ọ̀lù máa kúrò nílẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì í, gbogbo rẹ̀ lè dàrú. Kóòṣì ló sábà máa ń yan ètò yìí, aago ò sì dúró dè é. 40 ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàárín ìgbà tí eré kan bá parí sí ìgbà tí èkejì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú 40 yìí, kóòṣì tó jókòó sókè á sọ ohun tó rí fún ti ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀rọ etí, wọ́n á yan ètò, èmi á fi ránṣẹ́, àwọn ọmọ á kà á, wọ́n á tò. Bó bá ku nǹkan bíi 15 kí kọ́tábáàkì, ìyẹn ọmọ tó ń darí ìkọlù, fi wo bí àwọn alátakò ṣe dúró, a ti gbìyànjú.

Kí ló dé tí a ò kàn pariwo sí wọn? Pápá ìṣeré yunifásítì Michigan ń gba èrò tó lé ní 107,000. Ti Penn State, yunifásítì mìíràn, ń gba ju 106,000 lọ. Nígbà tí èrò tó tó yẹn bá ń hó, ohùn kóòṣì ò lè dé àárín pápá, ká má tiẹ̀ sọ ti òdìkejì.

Láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n máa ń forí korí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí ń pa ni pé Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1890. Paul Hubbard ni kọ́tábáàkì wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá sì pàdé àwọn adití ẹgbẹ́ wọn láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, àwọn yẹn á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á máa ka ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Hubbard bá kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ róbótó, wọ́n kẹ̀yìn sáyé, ó fọwọ́ sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Àwọn adití forí korí kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọwọ́ wọn. Àwa tí etí wa là pa forí korí tì, a padà sórí ọwọ́.

Ìkánjú eré ló fà á. Àwọn kóòṣì kan rí i pé bí a ò bá fún àwọn adènà láyè láti mí, wọ́n á rẹ̀. Yunifásítì Oregon lábẹ́ kóòṣì Chip Kelly sọ ọ́ di bárakú láàárín 2009 sí 2012: eré kan ò tíì parí tán tí òmíràn ti gbéra. Níbo lẹ ti fẹ́ ráyè forí korí? Àsìkò yẹn ni pátákó ńlá tí wọ́n ń gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti fi ránṣẹ́ gbòde, wọ́n pín in sí mẹ́rin, àwòrán kan ní igun kọ̀ọ̀kan: ojú gbajúmọ̀, ẹranko, ọkọ̀, ohunkóhun. Nígbà mìíràn ọ̀kan péré ló ní ìtumọ̀, nígbà mìíràn kò sí èyí tó ní.

Ní tiwa, ọwọ́ la ń lò. Bí mo bá fọwọ́ bo orí, ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe máa tò ni mò ń sọ. Bí mo bá na apá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ tí àwọn tó pọ̀ máa wà nìyẹn. Bí mo bá gbá itan lẹ́ẹ̀mejì, ètò fúnra rẹ̀ nìyẹn. (Tiwa gan-an kọ́ nìyí o, mi ò tíì fẹ́ pàdánù iṣẹ́ mi.) Mo lè ṣe mẹ́jọ kí mẹ́ta péré jẹ́ òótọ́. Kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn: a ti bá àwọn ọmọ sọ ọ́ pé irú nǹkan báyìí ni mo máa fọwọ́ kàn kí òótọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí Àǹtí rí ńkọ́? Ẹnì kan ni tòótọ́, àwọn yòókù ń tan ojú jẹ. Kọ́tábáàkì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì la sábà máa ń fi síbẹ̀, torí wọ́n mọ ìwé ètò wa dáadáa.

Ohun tí àwọn tó ń wò wá rò ni pé bíbo àṣírí ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọ ẹnà rí ní kékeré mọ̀ ọ́n: ẹ fọ ọ́ jù báyìí, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ gan-an ò ní gbọ́. Ọmọ ọdún 18 ni mò ń fi ránṣẹ́ sí. Ó ti rẹ̀ ẹ́, òógùn wà lójú rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀. Ètò kan wà tí àwọn méjì tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù máa ń gba iwájú ara wọn kọjá láàárín pápá, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbárí, kí àwọn tó ń ṣọ́ wọn lè dí ara wọn lọ́nà. Àmì tí a ń lò fún un tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ tuntun kì í rántí. Lọ́jọ́ kan ní ìdánrawò, mo ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ orógùn tí kò sí níbẹ̀, mo tẹ̀ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí ro àmàlà. Mo rò ó dénú, mo fẹsẹ̀ ti ìkòkò. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ àmàlà rí, ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbàgbé ètò yẹn mọ́.

Iṣẹ́ yìí gba ìfarabalẹ̀ lọ́wọ́ èmi náà. Lọ́sẹ̀ kan, etí ni kọ́kọ́rọ́ wa. Òjò ń rọ̀, kòkòrò kan kó sí mi létí, mo fọwọ́ họ ọ́ láìronú. Ọmọ kan rí i, àwọn tó kù ò rí i. Ó sáré jìnnà réré lọ, kọ́tábáàkì ju bọ́ọ̀lù síbi tó yẹ kó wà, alátakò ló bá a níbẹ̀. Kóòṣì àgbà ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi wọ bọ́ọ̀sì.

Ní ti olè jíjà: kéèyàn fojú lásán wo àmì alátakò lọ́jọ́ ìdíje kó sì tú u, òfin ò kọ̀ ọ́. Gbogbo wa la ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, táwọn kan sì ń ta aṣọ bo ẹni tó ń fi àmì hàn. Ohun tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, kọ̀ láti 1994 ni kéèyàn lọ jókòó síbi ìdíje ẹni tó máa bá gbá lọ́jọ́ iwájú láti ṣe amí rẹ̀. Ẹ̀rọ ò sì gbọ́dọ̀ ká àmì ẹlòmíràn sílẹ̀. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ní Michigan lọ́dún 2023 nìyẹn. Ìdíje mẹ́ta ni Big Ten, àjọ tí Michigan àti àwọn yunifásítì mìíràn jọ wà nínú rẹ̀, ní kí Jim Harbaugh, kóòṣì àgbà wọn, má fi dé ẹ̀gbẹ́ pápá. Síbẹ̀ wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ní oṣù kìíní 2024.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni NCAA fọwọ́ sí rédíò inú akoto fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹun ti ń lò ó láti 1994. Kódà Paul Brown, kóòṣì ẹgbẹ́ Cleveland, ti dán an wò lọ́dún 1956 kí wọ́n tó fòfin dè é. Àwọn kan sọ pé iṣẹ́ àwa oníjó ti parí nìyẹn. Ẹnì kan péré ló ń gbọ́ rédíò yẹn lórí pápá, òun ni akoto rẹ̀ ní àmì róbótó aláwọ̀ ewé lẹ́yìn. Bó bá sì ti ku ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí aago, wọ́n á pa á. Àwọn mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Ọwọ́ náà ni. Ẹ wo ẹni tó wà láàárín, tó ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ipò tí Olusegun Oluwatimi, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ilé fún yín, wà nígbà tó gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington fún Michigan lọ́dún 2022. Bí ariwo bá pọ̀ jù, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kàn fọwọ́ tọ́ ọ: ó yá.

Mo sọ fún Àǹtí pé nígbà mìíràn, kó má wo àwọn tó ń jó. Kó wo ibi tí akoto àwọn ọmọ tó wà lórí pápá kọjú sí. Ó pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ bí ẹni ń sọ àṣírí ọjà: “Ti àárín ni wọ́n ń wò. Àwọn méjì tó kù kàn ń ṣeré ni.” Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.