Barotrauma: ohun tó ń pa ẹja tí irin kò kàn nínú ìsédò

Ẹni tó bá ti la epìyà rí láti tú ìfun rẹ̀ dànù á ti rí àpò funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, bíi fèrè rọ́bà táwọn ọmọdé máa ń fẹ́. Ní kékeré wa ní Ilé-Ifẹ̀, èmi àti àbúrò mi máa ń jà sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ kó dún "pó". Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹja dúró sójú kan nínú omi, láì rì, láì léfòó.

Àpò yẹn gan-an lọ̀rọ̀ barotrauma dá lé, ìyẹn ìpalára tó ń dé bá ara nígbà tí bí omi ṣe ń fún un pọ̀ bá yí padà lójijì.

Omi wúwo. Bí ẹja bá ṣe ń wọ ibú, bẹ́ẹ̀ lomi ń fún un pọ̀ sí i. Ní mítà 10 sísàlẹ̀, ìfúnpọ̀ náà ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi, ara ẹja ibẹ̀ sì ti mọ́ ọn. Wàyí o, nínú ìsédò tó ń fún wa níná, bíi ti Káínjì tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1968, omi ń gba ihò ńlá lọ yí tọ́báìnì, ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ irin tí yíyí rẹ̀ ń mú iná wá. Eré tó ń sá lẹ́nu ihò náà ju agbára ọmọ ẹja lọ. Ó ń gbé e wọlé ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irin tọ́báìnì ló ń gé gbogbo ẹja tó bá kú síbẹ̀. Ó ń gé òmíràn lóòótọ́, pàápàá èyí tó bá gùn. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń kọjá lára irin náà, ìfúnpọ̀ yẹn á já wálẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó tiẹ̀ lè kéré ju ti ojú omi lọ. Bó bá dín sí ìdajì, afẹ́fẹ́ inú àpò á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Àpò á bẹ́, ojú á yọ síta, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú, láìsí ojú ọgbẹ́ kan lára.

Kì í ṣe gbogbo ẹja ló ń rí i bákan náà. Ọ̀nà tóóró kan so àpò sámọ́nì mọ́ ọ̀fun rẹ̀, ó lè gùfẹ̀ kí ara tù ú. Àpò ti àrọ̀ kéré púpọ̀. Epìyà ni ìyà ń jẹ jù: àpò rẹ̀ dé pa, afẹ́fẹ́ kò ríbi sá gbà.

Ẹnìkan bi mí pé, omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ńkọ́, tó ń já láti òkè gíga? Àpáta lè ṣe ẹja léṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbangba lomi yẹn ń já sí, kò sí ibú tó kọ́kọ́ fún ẹja pọ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ìsédò Ọ̀pá ní yunifásítì wa ní Ilé-Ifẹ̀ náà kò ní tọ́báìnì, omi ìlò ni wọ́n ń fà níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣe tọ́báìnì tó rọra ń yí, wọ́n sì ń gbé e sí ìsàlẹ̀ sí i kí ìfúnpọ̀ má baà já púpọ̀. Wọ́n tún máa ń fi àwọ̀n irin sẹ́nu ihò. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tí ojú rẹ̀ bá há tó láti dá ọmọ ẹja dúró, omi náà ló máa ń dá dúró, omi ọ̀hún ló sì yẹ kó yí tọ́báìnì.