Austerity: kí ló túmọ̀ sí, ta ló sì ń san owó rẹ̀?

Létí ará Èkó, ọ̀rọ̀ yìí ti gbó. Àwọn tí ìjọba Shagari ṣojú wọn ń pè é ní ọ̀sítẹ́ríìtì, wọ́n sì ń lò ó fún gbogbo ohun tó bá ti le. Tòmátì gbówó lórí ní Mile 12, ọ̀sítẹ́ríìtì ni. Bàbá kò rán aṣọ ọdún fáwọn ọmọ, ọ̀sítẹ́ríìtì ni. Bí ẹran inú àwo bá kéré, oníbàárà á bi ìyá olóúnjẹ bóyá ọ̀sítẹ́ríìtì ti wọ inú ìkòkò rẹ̀. Àwàdà náà dùn, kí wọ́n máa bá a lọ. Àmọ́ tí rédíò bá ní orílẹ̀-èdè kan ti gbé ètò austerity kalẹ̀, nǹkan pàtó kan ló ń sọ.

Austerity ni kí ìjọba tí ìnáwó rẹ̀ ti ju owó tó ń wọlé fún un lọ, tí gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, pinnu pé òun á dín ìnáwó kù, tàbí òun á gba owó orí sí i, tàbí kó ṣe méjèèjì pọ̀. Wọn kò ní gba òṣìṣẹ́ tuntun mọ́, owó oṣù á dúró sójú kan, iṣẹ́ ọ̀nà á dúró ní ìdajì, owó ìrànwọ́ orí epo tàbí oúnjẹ á pòórá, owó orí ọjà á sì gòkè. Ìpinnu ni, ìyẹn ló sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀wọ́n gógó. Bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́ tí tòmátì òkè Ọya kò tètè dé Mile 12, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i pé kí tòmátì wọ́n. Austerity ní ẹni tó fọwọ́ sí i, ó ní déètì, ó sì máa ń ní òfin tirẹ̀ pàápàá.

Tiwa ní òfin. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, Ààrẹ Shehu Shagari gbé àbá kan lọ bá àwọn aṣòfin. Èkó ṣì ni olú-ìlú nígbà náà, Tafawa Balewa Square ni wọ́n ti ń jókòó. Òfin ìmúdúró ọrọ̀ ajé ni wọ́n pè é, wọ́n sì kọ ọ́ sínú orúkọ rẹ̀ pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà rèé tó bá Buhari lórí àga, tó sì di SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, lọ́wọ́ Babangida ní 1986. Ohun tó fà á kò ṣòro: epo rọ̀bì pọ̀ jù lọ́jà àgbáyé, iye rẹ̀ já wálẹ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè tí a fi ń ra oúnjẹ àti ẹ̀rọ sì gbẹ. Ìjọba fòfin de àwọn ọjà kan, ó ní kí àwọn tó kù di ohun tí wọ́n ń gba láísẹ́ńsì kí wọ́n tó kó wọlé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wọ ilé ìdáná. Mílíìkì, súgà, ìrẹsì, òróró, ọṣẹ ìfọṣọ, gbogbo wọn di ẹ́sẹ́ńkò, ìyẹn ọjà kòṣeémánìí, lẹ́nu ará Èkó. Ẹni tó bá mọ èèyàn nínú òṣèlú á gba láísẹ́ńsì, kò ní kó ẹrù kankan wọlé, ìwé náà ni yóò tà fún oníṣòwò. Oníṣòwò á fi owó ìwé lé owó ọjà, á tún kó mílíìkì pamọ́ títí tí yóò fi wọ́n sí i. Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983, wọ́n ní kí ọjà máa lọ ní iye tí ìjọba là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà tí kò tó kò lè tìtorí sójà pọ̀ sí i. Ìlà ló kù. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì máa ń sọ ọ́ pé èèyàn á kọ́kọ́ wọ ìlà ná, kó tó wá bi ẹni tó wà níwájú pé kí ni wọ́n ń tà.

Àwọn tó fara mọ́ austerity ní èrò tiwọn, kì í sì í ṣe èrò òmùgọ̀: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìjọba tó ń yá owó san owó oṣù lóṣooṣù, bópẹ́ bóyá, àwọn ayánilówó á gbé èlé rẹ̀ sókè. Òótọ́ ni. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni bí wọ́n ṣe máa ń fi ìjọba wé baálé ilé. Bí baálé kan ní Ṣùúrùlérè bá ní òun ò jẹ ẹran mọ́, owó oṣù rẹ̀ kò ní tìtorí ìyẹn dínkù. Ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀, torí ìnáwó rẹ̀ ni owó oṣù ẹlòmíràn. Bí owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá falẹ̀, ìyá alámàlà tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wọn ló kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn tó ń jẹ ẹran méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pọ̀nmọ́, àwọn tó ń jẹ pọ̀nmọ́ á máa gbé búrẹ́dì wá láti ilé. Ìyá náà á dín èlùbọ́ tó ń rà kù, á ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá a gbé oúnjẹ lọ sinmi nílé ná. Nígbà tó bá fi máa di ìparí ọdún, owó orí tí ìjọba ń retí lọ́wọ́ gbogbo wọn ti gé kúrú.

Èyí ṣẹlẹ̀ ní Gíríìsì lójú gbogbo ayé. Láti ọdún 2010 ni àwọn tó yá wọn lówó, tí IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, wà lára wọn, ti ní kí wọ́n gé owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì, kí owó orí sì gòkè. Láàrin 2008 sí 2013, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọrọ̀ ajé wọn ló lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, Olivier Blanchard, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní IMF fúnra rẹ̀, bá ẹnì kejì rẹ̀ kọ ìwé pé ìpalára tí gígé ìnáwó ń ṣe ju èyí tí àwọn tó ń sàsọtẹ́lẹ̀ ti fojú bù lọ.

Ohun tí wọ́n gé tún ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ tí kò tíì parí ló rọrùn jù láti gé, torí kò sẹ́ni tó tíì máa lò ó tí yóò pariwo. Gómìnà Lateef Jakande ti bẹ̀rẹ̀ ètò Metroline, ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé ará Èkó kiri ìlú. Ìjọba Buhari fagi lé e ní 1985, wọ́n ní owó kò sí. Owó tí Èkó ti kó lé e lórí, tó lé ní mílíọ̀nù 70 dọ́là, bómi lọ. Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí Blue Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó, ní oṣù kìíní ọdún 2023. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina sí Mile 2. Kí ẹni tó mọ ìṣirò bá wa ṣírò wákàtí tí danfó ti fi dúró sójú kan lórí Eko Bridge láàrin 1985 sí ìgbà yẹn.

Ti owó ìrànwọ́ orí epo tí Ààrẹ Tinubu yọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ńkọ́? Irinṣẹ́ austerity ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Lítà epo tí kò tó 200 náírà fò dé 488 ní Èkó láàrin ọjọ́ díẹ̀, owó oṣù tó kéré jù sì wà ní 30,000 náírà títí di oṣù keje ọdún 2024 kó tó di 70,000. Ṣùgbọ́n owó tí kò lọ sórí epo mọ́ kò dúró sílẹ̀: ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pín in, owó tó ń kan wọ́n sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ìdílé ló wọ inú austerity nígbà náà ju ìjọba lọ. Èkó tiẹ̀ mú díẹ̀ padà: ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ gé owó bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ìdajì, ó sì fi owó tirẹ̀ dí ìyókù nígbà náà. Ẹni tó bá pe ìyẹn náà ní ọ̀sítẹ́ríìtì ti ṣì í pè. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni.